Pẹ́ẹ̀mù Méjì, Orúkọ Kan

Imú mi ló kọ́kọ́ mọ Jẹ́ríkọ́ọ̀lù kí ojú mi tó rí i. Ní 1984, nígbà tí màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, n’Íbàdàn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo ilẹ̀ yíká bóyá ẹyin ló fọ́ síbì kan. Òórùn òbu ni, tòun ti nǹkan mìíràn tó ń ta ni nímú bí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi rí bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bomú. Ó ní, “Táyò nìyẹn. Wàá mọ̀ ọ́n.” Mo rò pé ènìyàn kan ló ń jẹ́ Táyò nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ara ìgò ni wọ́n ti já orúkọ náà gbà. Ammonium thioglycolate ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí kò lè pè é délẹ̀ sì mú àárín rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ọmọ. Òun ni oògùn tó ń ká irun. Imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, imí ọjọ́ yẹn kan náà tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà lọ́jà, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí èso ìyeyè, àfi pé nínú ìgò yìí, ó ti so mọ́ ásíìdì tó jẹ́ ìbátan ọtí kíkan. Òun ló ń rùn bí òbu. Amóníà ló ń ta ni nímú.

Gbogbo ìlú ló fẹ́ Jẹ́rí nígbà náà. Michael Jackson ti gbé àwo Thriller jáde ní ìparí 1982, irun orí rẹ̀ sì ni tọkùnrin tobìnrin ń nawọ́ sí lára ògiri wa pé, “Bí tiẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é fún mi.” Ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń ṣe iṣẹ́ irun ní Amẹ́ríkà, Jheri Redding, ni orúkọ náà ti wá. Comer Cottrell, aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ló wá kó gbogbo ohun èlò rẹ̀ sínú páálí kan ní 1980, tó ń tà á ní dọ́là 8 kí ẹni tí kò lówó ṣọ́ọ̀bù lè ṣe é nílé. Bí ó ṣe tàn ká ayé nìyẹn, tó fi dé Mọ́kọ́lá.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò kà sí nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun ká á wọlé, á ní, “Ẹ bá mi pẹ́ẹ̀mù.” Ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun nà gbọọrọ, tó jẹ́ pé rìlásà ló ń wá, òun náà á wọlé, á ní, “Ẹ bá mi pẹ́ẹ̀mù.” Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, á kàn fọwọ́ ra irun náà, á sì mọ èyí tí onítọ̀hún ń wí. Èmi náà rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Omi ni mo fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́. Agogo 6 àárọ̀ ni a ti ń pọn ọ́n kún dúrọ́ọ̀mù méjì lẹ́yìnkùlé. Bí dúrọ́ọ̀mù kò bá kún, Àǹtí kì í ṣe Jẹ́rí lọ́jọ́ náà, ẹni yòówù tí ì báà gbówó wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń ṣan orí kan, bí ìṣẹ́jú 5 sì ni lọ́kọ̀ọ̀kan, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, títí omi tó ń ṣàn bọ́ sínú abọ́ kò fi ní yọ̀ mọ́ ọwọ́. Àǹtí a máa sọ pé ẹni tí kò ní omi tó lè pa oògùn yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dà á sórí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo ń gbé garawa kiri, ìyà lásán ni mo kà á sí. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé òun ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo gbà nínú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn omi ni orí. Kò kọ́kọ́ gbà kí n fọwọ́ kan irun, awọ orí ló ní kí n máa wò. Màá ya irun sí mẹ́rin, màá fi ìdí òòyà là á, màá wá egbò, eéwo, tàbí ibi tí oníbàárà ti fi èékánná họ. Bí ọ̀kankan bá wà, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì ṣáájú la ti ń pè é, a ó kán oògùn náà díẹ̀ sí i lẹ́yìn etí. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó ń yún un, a ó sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa bínú. Àǹtí á jẹ́ kí wọ́n bínú lọ.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkínní ni ìpara tó nípọn bí ògì tútù, tí à ń pè ní rìárénjà. A ó fi básílíìnì yí etí, iwájú orí àti ìpàkọ́ po, a ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a ó máa fi ẹ̀yìn òòyà tẹ́ ẹ sórí irun láti ìpàkọ́ wá síwájú, láìjẹ́ kó kan awọ orí. Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀. A ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó, a ó máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Lẹ́yìn náà, omi. Èkejì ni búsítà, Táyò kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ṣàn bí omi, kò sì lágbára tó ti àkọ́kọ́. Òun la ń fi rin irun bí a ṣe ń fi pépà wínníwínní di ṣóńṣó rẹ̀, tí a sì ń yí i mọ́ róòdù.

Wíwo róòdù ni mo fẹ́ràn jù lọ, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. A kì í fi aago nìkan wò ó. Ìwọ yóò tú róòdù kan ní ìlọ́ kan àbọ̀, kò gbọdọ̀ tú tán, ìwọ yóò rọra tì í sí ọ̀nà awọ orí. Bí irun bá ti gbà, á wó lulẹ̀ bíi lẹ́tà S, S náà á sì fẹ̀ tó róòdù tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá tíì wó, dá a padà, dúró. Bí ó bá ti wó, má ṣe sọ̀rọ̀ kankan mọ́, omi ni. Àǹtí lè wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń bá aláta ná ọjà, bí ó bá gbọ́ tí mo ní, “S ti dé, Ma,” á fi ata sílẹ̀. Nútírálásà ló kẹ́yìn, òun ló ń mú kí irun gbà láti dúró bí a ṣe yí i, bí ìṣẹ́jú 15, kí a tó tú róòdù, kí a tó tún fi omi ṣan án.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni a ń ṣe láìmọ ìdí rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan da Táyò sínú abọ́ tánńganran kan tí etí rẹ̀ ti ta, tí irin inú rẹ̀ ti yọ. Kí a tó yí róòdù mẹ́fà, òrùka elésè àlùkò ti yọ níbi tó ta yẹn, ó ń tàn kálẹ̀ nínú omi oògùn náà bí aró. Mo pariwo. Àǹtí wá wò ó, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó ní kí irin má ṣe kàn án mọ́ láyé, ìbáà ṣe abọ́, ìbáà ṣe pín-ínnì irun. “Kí ló dé, Ma?” “Irin ò gbọdọ̀ kàn án.” Ibẹ̀ ló parí sí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé irin kékeré tó bá yọ́ sínú Táyò ló ń pa á láró bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì pàápàá ń fi àwọ̀ yẹn wádìí bóyá irin wà nínú nǹkan. Ara irun tí oògùn náà ti rọ̀ kọ́ ló sì yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù Kọkànlá 1986 ni mo ṣe àṣìṣe tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí.

Àǹtí lọ síbi ìkómọ. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kù díẹ̀ kí n pé ọdún mẹ́ta tí mo fọwọ́ sí. Obìnrin kan wọlé, kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ, ó ń múra ìgbéyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun pẹ́ẹ̀mù, ó nawọ́ sí àwòrán ara ògiri. Mo bi í ní ìbéèrè tí a ń bi gbogbo ènìyàn: “Ẹ ti pẹ́ẹ̀mù rí, Ma?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì ju oṣù méjì lọ.” Ọkàn mi balẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun dídì ni, nítorí náà irun rẹ̀ ká wọ́nkọwọ̀nkọ, mo sì gbà pé Jẹ́rí tó ti gbó ni mo ń wò. Mo fọwọ́ ra irun náà bí Àǹtí ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ mi kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà kò sì bi í léèrè ju ẹyọ kan yẹn lọ.

Mo fi ìpara sí i. Ó tètè rọ̀, mo tiẹ̀ ń yin ara mi. Mo ṣan án, mo fi búsítà yí i mọ́ róòdù, mo bo orí rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 10, mo tú róòdù kan níwájú orí láti wá S. Kò sí S. Irun náà fà bí ewédú. Mo fà á díẹ̀, ó gùn sí i. Mo fi í sílẹ̀, kò padà. Mo tún fọwọ́ kàn án báyìí, ó já, kò tiẹ̀ dún, ó kù sára pépà róòdù bí òwú tí omi ti rà. Mo sáré da omi sí i. Omi ń gbé irun lọ, ó ń kó jọ sójú ihò ìsàn omi, èmi ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí i. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn, ó bi mí pé, “Ọmọ yìí, kí ló ń já bọ́ sí mi lọ́rùn?”

Róòdù mọ́kànlá ni irun kù sí lára. Nígbà tí Àǹtí dé, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ kúnlẹ̀. Ó dá owó padà, ó fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó kù mọ́lẹ̀, ó fi òróró pa á fún un. Obìnrin náà kò bú wa. Ó sunkún wẹ́rẹ́, ó wé gèlè, ó lọ. N kò rí i mọ́, mo sì máa ń rò ó pé gèlè yẹn náà ló wé lọ síbi ìgbéyàwó.

Àǹtí kò nà mí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí àwọn tó kù ti lọ, ó gbé ìgò Jẹ́rí àti ike rìlásà síwájú mi lórí tábìlì. Ó ní, “Ìwọ tó o kàwé ju èmi lọ, kà wọ́n fún mi.” Mo ka èkínní: ammonium thioglycolate. Mo ka èkejì: sodium hydroxide. Kọ́sítíìkì tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò ni. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, “Ó jọra?” Mo ní rárá. “Nígbà náà kí ló dé tó o fi orúkọ kan bi ọmọ ènìyàn?” Mo ti lo ọdún méjì àbọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kí n tó ka ara ìgò.

Àǹtí mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í bára gbé orí kan. Ìdí rẹ̀ ni kò lè sọ. Ẹni tó là mí lójú ni oníbàárà wa kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì nílé ìwé girama, obìnrin tó dákẹ́ púpọ̀, tó máa ń mú ìwé wá síbi dráyà. Mo rò fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní òwú dúdú tí a fi ń kó irun.

Ó gé òwú méjì tó gùn tó apá, ó tẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí itan rẹ̀, ó sì mú òwú kéékèèké, ó fi so wọ́n pọ̀ níbi mẹ́fà. Àkàbà ló dà. Ó ní, “Inú irun rẹ nìyí. Àwọn méjì tó gùn, okùn kẹ́rátìnì ni. Àwọn ìdè yìí, imí ọjọ́ ni, méjì méjì, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.” Ó bi mí bóyá mo ti gbóòórùn ìyẹ́ adìyẹ tó jóná rí, tàbí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi iná sun irun rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Kí ló ń rùn níbẹ̀? Imí ọjọ́ yìí náà ni. Nínú irun gíráàmù 100, ó lè tó gíráàmù 5.”

Ó tú àwọn ìdè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Iṣẹ́ Táyò rẹ nìyí. Ó ń yọ ọwọ́ àwọn méjèèjì kúrò lára wọn.” Ó mú róòdù kan nínú àpótí mi, ó yí òwú méjèèjì mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń yí, ọ̀kan sún kọjá èkejì, ibi tí ìdè wà tẹ́lẹ̀ kò ko ojú ara wọn mọ́. Ó so wọ́n padà níbi tuntun tí wọ́n bá ara wọn. “Iṣẹ́ nútírálásà nìyí.” Ó fa róòdù yọ. Òwú náà ká, kò nà mọ́. Mo wò ó títí. Ọdún méjì àbọ̀ ni mo ti ń ṣe nǹkan tí obìnrin yìí fi òwú náírà díẹ̀ ṣàlàyé tán.

Mo bi í, “Rìlásà ńkọ́, Ma?” Ó ṣe àkàbà mìíràn, ó tú ìdè mẹ́rin nínú mẹ́fà, ó gé ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan dànù, ó fi ìdajì tó kù ta wọ́n ní kókó aláìtú. “Kọ́sítíìkì kì í tú ìdè. Ó ń fa imí ọjọ́ kan yọ nínú méjì, ó ń fi ẹyọ kan tó kù so okùn pọ̀. Irun tó nà lóun nígbà yẹn, kò sì ní ká mọ́ láéláé. Táyò kò lè tú irú ìdè yẹn. Nútírálásà kò sì ní nǹkan kan láti so padà níbẹ̀. Àwọn ìdè méjì-méjì tí kọ́sítíìkì kò rí, àwọn ló ṣẹ́ kù tó ń ran irun náà lọ́wọ́. Ìwọ dé, o da Táyò sí i, o tú àwọn yẹn náà.” Ó tú méjì tó kù. Ó wá fi àtàǹpàkò fa òwú náà díẹ̀, àwọn kókó ẹlẹ́yọ kan tó ti ta fúyẹ́fúyẹ́ sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo rí ewédú tí mo fọwọ́ fà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn.

Òun ló sọ fún mi pé ilé ìwádìí Rockefeller ní New York ni wọ́n ti rí àṣírí náà ní 1934. David Goddard àti Leonor Michaelis ni orúkọ àwọn tó rí i, wọn kò sì ronú ẹwà ẹnikẹ́ni. Irun àgùntàn ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti yọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, iná ni wọ́n fi ń ká irun. Karl Nessler, ọmọ Jámánì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní London, ń fi bóráàsì pa irun, á sì gbé irin gbígbóná kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Orí ìyàwó rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò, ó sì jó o lórí.

Ọdún 1986 yẹn kan náà ni owó náírà já wálẹ̀ lábẹ́ ètò tí a ń pè ní SAP. Ìgò tí à ń rà ní Dùgbẹ̀ gbówó lérí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí i. Mo bi tíṣà náà bóyá a lè sè é fúnra wa, bí àwọn ọlọ́ṣẹ ṣe ń se ọṣẹ. Ó pa ìwé rẹ̀ dé kó tó dá mi lóhùn.

Ó ní ásíìdì inú ọtí kíkan ni ilé iṣẹ́ ń mú, wọ́n á fi gáàsì klórìnì sọ ọ́ di chloroacetic acid, ohun tó jẹ́ pé bí ó bá ta sí awọ ara tó fẹ̀, ó lè gba ibẹ̀ wọlé pa ènìyàn. Wọ́n á wá fi sodium hydrosulphide pàdé rẹ̀ nínú omi, imí ọjọ́ á lé klórìnì kúrò, á jókòó sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi ásíìdì mìíràn yọ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ nínú ìkòkò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí pé bí wọ́n bá gbé e kaná lásán, á bàjẹ́ kó tó hó. Thioglycolic acid ni wọ́n ń rí. Omi tí kò láwọ̀ ni, lítà kan rẹ̀ wúwo tó kìlò 1.3, ó sì ń jó awọ. Amóníà ni wọ́n ń rọ sí i díẹ̀díẹ̀ títí pH rẹ̀ yóò fi dé bíi 9, kí ó tó di ohun tó lè kan orí. “Bí ásíìdì bá ṣèèṣì kan hydrosulphide yẹn,” ó ní, “gáàsì tó ń rùn bí òbu ló ń jáde. Bí ó bá kéré, wàá gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, imú rẹ á kú, wàá rò pé ó ti lọ, ibẹ̀ lo máa ṣubú sí.” Mo fi ọ̀rọ̀ sísè sílẹ̀.

Ìtọ́jú ìgò ni ìpèsè tiwa, ìyẹn náà sì tó iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ń pa Táyò, ó ń mú kí imí ọjọ́ rẹ̀ di ara wọn mú kí ó tó dé orí irun, nítorí náà ìgò tí a ṣí sílẹ̀ di omi lásán tó ń rùn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú abọ́ kì í padà sínú ìgò. Èyí tí wọ́n ṣe fún irun líle kì í kan irun tí wọ́n ti pa láró. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní kò gbọdọ̀ ju 8 nínú 100 lọ nínú èyí tí ènìyàn ń lò nílé, 11 nínú 100 fún oníṣẹ́ irun, kí pH má sì ju 9.5 lọ. Mo mọyì òfin yẹn nígbà tí mo ka ara ìpara tí wọ́n fi ń pa irun abíyá. Thioglycolate náà ló wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ pọ̀ tó tiwa, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ lè dé 12. Ohun tó ń ká irun ní 9 ló ń yọ́ ọ dànù ní 12.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nútírálásà, nítorí pé òun la kì í bẹ̀rù. Kò rùn, kò ta ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìgò ìgbà yẹn, sodium bromate ni, ìbátan bùrómeètì tí NAFDAC ní kí àwọn aṣebúrẹ́dì má lò mọ́. Ọmọdé tó bá mu ún, kíndìnrín rẹ̀ lè kú, etí rẹ̀ sì lè di títí ayé. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé ní ṣọ́ọ̀bù mi, a kì í sì í da á sínú ìgò ohun mímu láéláé. A kì í tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyò náà, nítorí bí méjèèjì bá pàdé nínú abọ́ kan, wọ́n á gbóná.

Ọwọ́ ara mi náà kọ́ mi. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìbọ̀wọ́ kan ni àwa mẹ́ta ń pín, ó ti lu níbi ìka ìlábẹ̀. Oògùn ń wọlé, kò ríbi jáde, ó ń jókòó ti awọ. Ìka náà bó, ó là, ata ń ta á. Ìbọ̀wọ́ tó lu burú ju ọwọ́ lásán lọ, nítorí ọwọ́ lásán, wàá rántí ṣan án. Fèrèsé méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, ẹ má fi í jókòó ti abọ́ oògùn, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Mo gba fíríìdọ́ọ̀mù ní 1987. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀. N kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti pẹ́ẹ̀mù rí. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, “Èyí tí wọ́n fi sí i gbẹ̀yìn, ṣé ó rùn bí ẹyin, àbí ó ta yín lórí?” Ènìyàn lè gbàgbé orúkọ ìgò, ó lè gbàgbé oṣù, kò ní gbàgbé òórùn yẹn, kò sì ní gbàgbé bí rìlásà ṣe ń ta lórí. Bí ó bá ní ó rùn, a lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá ní ó ta, a ó dúró kí irun tuntun hù, díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, kí a sì gé ti ìsàlẹ̀ kúrò. Bí kò bá dá a lójú, a ó gé ìwọ̀nba irun díẹ̀ níbi tó fara pamọ́ lẹ́yìn etí, a ó fi òwú so ó, a ó rì í sínú Táyò nínú ife ike, kí a tó fọwọ́ kan orí rẹ̀ rárá.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ wá Jẹ́rí mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi orúkọ náà sílẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan mú àwòrán bàbá rẹ̀ wá lórí fóònù, tó ti yà á láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, orí ń dán, irun ń kán. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ kí tòun rí fún ọjọ́ ìbí bàbá náà. Ọmọ iṣẹ́ mi, tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, bi í ní ìbéèrè wa. Ó ní òun kò rántí, pé màmá òun ló ń ṣe é fún òun nílé. Ọmọ iṣẹ́ náà gé irun díẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀, ó rì í sínú ife, ó jókòó tì í. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú 10, ó fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ gbé e sókè, ó fà á. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń wò ó. Ó gùn, ó gùn, kò padà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi wá bóyá a ṣì ń kó irun olówùú. Ọmọ iṣẹ́ mi bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ṣan ọwọ́, ó sì lọ mú òwú dúdú wá.